Sítíárìn ọkọ̀ tó ń dún

Sítíárìn tó ń dún jẹ́ àléébù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó máa ń fara hàn nígbà tí awakọ̀ bá ń yí sítíárìn sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn: òmíràn ń dún fíín-fíín bí ọmọ eku, òmíràn ń kùn, òmíràn sì ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo pẹ́. Ohùn náà lè wá láti iwájú awakọ̀ gan-an, láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí láti ìdí táyà. Ariwo lásán ni díẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ ìkìlọ̀ pé ohun tó di táyà mú ti fẹ́ já. Nítorí náà, etí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí owó tó jáde lápò.

Ọ̀nà tí agbára ń gbà dé táyà

Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn, ọ̀pá irin kan tí ike bò yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pá náà gba inú ihò kan kọjá lára ògiri irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, ó sì lọ bá ráàkì nísàlẹ̀, ìyẹn ọ̀pá eléyín tó ń rìn sọ́tùn-ún sósì. Ráàkì yìí ló ń lo tai-ródì méjèèjì, àwọn ọ̀pá tó so ó mọ́ ìdí táyà: bó ti ń fa táyà kan ló ń ti èkejì.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan kan tún wà tó ń ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Chrysler ló kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ní irú ìrànlọ́wọ́ yìí fún ará ìlú, lára Imperial ti ọdún 1951. Ọ́ìlì ni wọ́n lò: bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù sì ń ti ọ́ìlì lọ sí ráàkì. Lóde òní, mọ́tò iná ti gba ipò pọ́ǹpù lára ọkọ̀ púpọ̀. Toyota Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 2003 sí 2008, tó pọ̀ gan-an láàrin tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà, ọ́ìlì ló ń lò. Láti ti 2009 lọ, iná ni. Ẹni tó bá ń wá bẹ́líìtì sítíárìn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla 2010 ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Bí a ṣe ń wá orísun rẹ̀

Gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Má tíì tan ẹ́ńjìnnì. Yí kọ́kọ́rọ́ títí sítíárìn yóò fi tú, kí o sì yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Yóò le lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ariwo bá jáde báyìí, kì í ṣe bẹ́líìtì, kì í sì í ṣe pọ́ǹpù. Lẹ́yìn náà, tan ẹ́ńjìnnì kí ẹnì kan máa yí sítíárìn, kí ẹlòmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó máa tẹ́tí. Kí onítẹ̀ẹ́tí yìí wọ aṣọ tó há díẹ̀, kó sì jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù. Iṣẹ́ ẹni méjì ni lóòótọ́. Ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn nìkan kì í sábà mọ ibi tí ohùn ti ń wá, nítorí ọ̀pá irin máa ń gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Inú ọkọ̀

Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ̀yìn sítíárìn máa ha ike tó bo ọ̀pá rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ti ike náà díẹ̀ tí ariwo sì dákẹ́, a ti rí i. Títún ike náà tò àti dídè é dáadáa ti tó.

Rọ́bà tó wà ní ojú ihò tí ọ̀pá náà gbà kọjá máa ń dún púpọ̀ bí eruku bá wọ̀ ọ́ tó sì gbẹ. Ó máa ń tan ènìyàn jẹ, torí ohùn rẹ̀ jọ ti páàtì olówó ńlá tó bàjẹ́. Gíríìsì sílíkóònù díẹ̀ tí wọ́n bá fi pa ẹnu rẹ̀ yíká ni oògùn rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti gíríìsì lásán kò dára níbẹ̀: epo rọ̀bì tó wà nínú wọn lè mú kí rọ́bà wú kó sì rọ̀.

Bí ohùn náà bá dà bí ìgbà tí bébà ń ha bébà lẹ́yìn sítíárìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ clock spring. Wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú ike ni, òun ló ń gbé iná lọ sí air bag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ìjàǹbá) àti fèrè bí sítíárìn tilẹ̀ ń yí. Bí iná air bag bá tún tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tí fèrè kò dún mọ́, ọ̀ràn ti kúrò ní ti ariwo, torí air bag náà lè má ṣí lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ air bag kò gbọ́dọ̀ tú sítíárìn. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n pàápàá tó fọwọ́ kàn án, ó gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀, kó tú orí négétíìfù bátìrì, kó sì dúró. Ìṣẹ́jú-àáyá 90 ni Toyota sọ, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ọkọ̀ mìíràn; ìwé ọkọ̀ náà ni kó tẹ̀ lé. Táyà gbọ́dọ̀ kọjú síwájú tààrà, kí clock spring má baà yí kúrò ní àárín rẹ̀. Bó bá yí tí wọ́n sì dì í padà bẹ́ẹ̀, wáyà rẹ̀ lè já lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá yí sítíárìn dé òpin.

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bẹ́líìtì tó ti gbó tàbí tó dẹ̀ máa ń han gooro nígbà tí sítíárìn bá dé òpin, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ́ǹpù ti wúwo jù. Kò dára kí awakọ̀ di sítíárìn mú síbẹ̀ pẹ́. Bí wọ́n bá wọ́n omi díẹ̀ sí bẹ́líìtì tí ariwo sì pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ti dẹ̀. Bó bá dákẹ́ díẹ̀ tó tún padà, ó ṣeé ṣe kí púlì kan, ìyẹn irin róbótó tí bẹ́líìtì ń gba orí rẹ̀ yí, má bá ìyókù dọ́gba.

Bí ohùn náà bá jẹ́ kíkùn, ẹ yẹ ọ́ìlì sítíárìn wò. Ọ́ìlì yìí kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù; bó bá dínkù, ó ń jò níbì kan ni. Bó bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Irú tí ọkọ̀ ń lò sábà máa ń wà lára ìdérí agolo rẹ̀: Dexron ni ọ̀pọ̀ Toyota ń lò, Honda sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìdí táyà

Ibí ni ewu wà. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì jẹ́ irin róbótó tó ń yí nínú ihò tó kún fún gíríìsì, rọ́bà sì ni wọ́n fi bò ó. Bí rọ́bà yìí bá ya, omi kòtò àti iyanrìn yóò wọlé, gíríìsì yóò ṣàn lọ, irin yóò máa ha irin. Ohùn ilẹ̀kùn tí kò rí epo nìyẹn, ó sì máa ń hàn dáadáa bí a bá yí sítíárìn lórí ìdúró. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ fún un ní gíríìsì. Èyí lè pa ariwo, ó sì wúlò láti mọ̀ pé òun ni; kò lè dá irin tó ti jẹ padà. Bí bọ́ọ̀lù náà bá bọ́ lórí eré, táyà yóò ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, awakọ̀ kò sì ní lè darí ọkọ̀ mọ́.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, wọ́n á gbé e lé ìdúró irin tó dúró ṣinṣin, wọ́n á wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á mì í. Bó bá ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tàbí béárìn (irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geerege) ni. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n bá dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì ló ń mì, ẹ wo tai-ródì.

Orí ṣọ́ọ̀kì náà lè dún. Bí sípíríǹgì bá ń ta gbọ̀n-ọ́n tí a bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e nígbà tí sítíárìn ń yí, béárìn orí ṣọ́ọ̀kì ti le.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tòkunbọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ń pè ní Belgium, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, torí kò sẹ́ni tó mọ iye ọ̀nà tó ti rìn. Tuntun ni kí wọ́n rà. Bí wọ́n bá pààrọ̀ tai-ródì, kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kó kọjú síbi tó yẹ, kí táyà má baà jẹ lápá kan. Níbi tí píìnì bá ti ń di nọ́ọ̀tì mú, wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ èyí tí wọ́n yọ padà sínú ihò: tuntun ni kí wọ́n fi sí i.