Ìṣètò ojú áàpù orin fún awakọ̀

Ìṣètò ojú áàpù orin fún awakọ̀ ni iṣẹ́ ṣíṣe ètò ohun tí ó ń hàn lójú fóònù tàbí lójú ẹ̀rọ inú ọkọ̀, àti bí ọwọ́ tàbí ohùn yóò ṣe máa pàṣẹ fún un, kí ẹni tí ó ń wakọ̀ lè gbọ́ orin láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ kúrò ní ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí ó sì fẹ́ wá orin tuntun kiri, ni a ṣe áàpù orin lásán fún, èrè sì ni fún ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín bí olùlò bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ti awakọ̀ yàtọ̀ pátápátá: bí ó bá ṣe tètè gbójú kúrò lára áàpù tó ni áàpù náà ṣe dára tó.

Oríṣi ìpínyà mẹ́ta, ìyẹn ohun tí ó ń mú awakọ̀ kúrò nídìí wíwakọ̀, ni àwọn onímọ̀ ààbò ojú pópó ń yà sọ́tọ̀: ti ojú, nígbà tí awakọ̀ kò wo ọ̀nà, ti ọwọ́, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára sítíárìn, àti ti ọkàn, nígbà tí ó ń ro nǹkan mìíràn. Wíwá orin kan nínú àkójọ gígùn kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tí ó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan a máa rin mítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1, nítorí náà ẹni tí ó bá wo ojú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 ti gba mítà 50 kọjá láìrí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Inú ìwádìí ni wọ́n ti rí ìdí tí ìṣẹ́jú-àáyá 2 fi jẹ́ ààlà. Virginia Tech Transportation Institute ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà sínú 100 ọkọ̀, àbọ̀ tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé bí ojú bá kúrò ní ọ̀nà ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ, ewu ìjàm̀bá tàbí ti ṣíṣe kù díẹ̀ kí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó kéré tán. Ní ọdún 2013, NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó ààbò ojú pópó, gbé ìlànà jáde fún àwọn ẹ̀rọ tí ó bá ọkọ̀ wá: ní ìpíndọ́gba, wíwò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ, àpapọ̀ gbogbo wíwò tí iṣẹ́ kan gbà kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 12 lọ. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọkọ̀ ní Japan, JAMA, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìṣẹ́jú-àáyá 8 ni wọ́n fi àpapọ̀ náà mọ. Ìlànà NHTSA kì í ṣe òfin, ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà kan tí a fi ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò láìjáde sí ojú ọ̀nà ni láti fi awò kan sí ènìyàn lójú, tí yóò máa ṣí fún ìṣẹ́jú-àáyá 1.5, tí yóò sì máa pa dé fún 1.5, kí ẹni náà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi parí. Àléébù kì í fara sin níbẹ̀. Orúkọ orin gígùn tí ó ń rìn kọjá lójú ẹ̀rọ, àkójọ tí ó ń yí fúnra rẹ̀, tàbí bọ́tìnì tí ó ń parẹ́ bí a kò bá tètè tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ni yóò sọ ẹni náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí ojú rẹ̀ bá tún là.

Nǹkan tí ó yẹ kí ó wà lójú ẹ̀rọ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ kò tilẹ̀ pọ̀: orúkọ orin àti ti akọrin, àti bọ́tìnì láti dá orin dúró, láti fò ó tàbí láti padà sẹ́yìn, tí kò gbọdọ̀ kúrò ní àyè wọn. Ìlànà Google fún ọkọ̀ ní kí ibi tí ìka yóò tẹ̀ má kéré sí 76 dp (dp ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ), nígbà tí 48 dp tó lórí fóònù lásán, nítorí pé ọkọ̀ a máa mì, ọwọ́ awakọ̀ sì ní láti nà jìnnà. Títẹ lẹ́tà láti fi wá orin ni ó léwu jù, ó sì yẹ kí a tì í pa títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ aṣáàpù, ìyẹn àwọn tí ó ń ṣe áàpù, ń gbàgbé ni ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já: ó sàn kí àwọn orin tí a ti gbà sílẹ̀ máa bá a lọ ju kí áàpù máa bi awakọ̀ ní ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ìpolówó tí ó bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, tí kò ní lọ àfi tí a bá tẹ ohun kan, kò ní àwáwí kankan nínú ọkọ̀.

Láti ọdún 2014 tí Apple ti gbé CarPlay jáde, àti 2015 tí Android Auto ti Google dé ọ̀dọ̀ àwọn olùlò, ìyẹn àwọn ètò tí ó ń gbé áàpù fóònù sí ojú ẹ̀rọ inú ọkọ̀, púpọ̀ nínú ìpinnu wọ̀nyí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe áàpù. Lórí Android Auto, àkójọ orin àti àwọn àṣẹ rẹ̀ ni áàpù sábà máa ń kó sílẹ̀. Android Auto fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu bí wọn yóò ṣe hàn. CarPlay náà ní àwọn àwòṣe tí aṣáàpù gbọdọ̀ lò. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin pàdánù ìrísí tí a fi ń dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó bá ti mọ ọ̀kan lò ti mọ ìyókù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka pípàṣẹ pẹ̀lú ohùn sí ojútùú, ó sì gba ojú àti ọwọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ti ọkàn ni ó kù. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Utah ṣe fún AAA Foundation for Traffic Safety ní ọdún 2015 rí i pé ìpínyà ọkàn lè wà títí di ìṣẹ́jú-àáyá 27 lẹ́yìn tí awakọ̀ ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tán. Kí ẹ̀rọ ṣe ohun tí ó gbọ́ lójú ẹsẹ̀ sàn ju kí ó máa ka orúkọ orin márùn-ún jáde kí awakọ̀ mú ọ̀kan.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní ojú ẹ̀rọ, fóònù ni awakọ̀ ń lò, bóyá pẹ̀lú Bluetooth. Ní Bìrìtéènì, láti Oṣù Kẹta ọdún 2022, òfin fi kún un pé awakọ̀ tí ó bá di fóònù mú láti yí àkójọ orin rẹ̀ wò ti ṣẹ̀, kódà bí ọkọ̀ bá dúró níbi iná ojú pópó. Fóònù tí a fi kọ́ síwájú awakọ̀, tí kò sí ní ọwọ́ rẹ̀, kò sí lábẹ́ òfin yìí, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ṣì lè mú un bí kò bá lè darí ọkọ̀ dáadáa nítorí rẹ̀.