Tí a bá fẹ́ lọ sinmi ní etíkun, ibo ni kí a wọ̀ sí? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Àjàṣẹ́

Àbúrò mi kan ń ṣe olùkọ́ ní Kétu, níbí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìlú tiwọn jìnnà sí òkun. Ó lé ní 100 kìlómítà láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Ní òpin ọdún yìí, ó fẹ́ kó ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́ta àti ìyá wa lọ lo ọjọ́ márùn-ún létí òkun. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń pè mí lórí fóònù, tó ń béèrè, tí mo ń dáhùn. Àwọn ẹbí wa tó wà l'Ékòó náà kì í yé bi mí ní irú ìbéèrè yìí lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi síbí, bó ṣe lọ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n, ṣebí etíkun ni Àjàṣẹ́ wà? Kí ló dé tí a ò kàn ní wọ̀ sọ́dọ̀ yín?

Orúkọ ló ń tàn yín. Àwọn Potogí ló sọ ìlú wa ní Porto-Novo, ìyẹn èbúté tuntun, ẹni tó bá sì gbọ́ èbúté á rò pé òkun ló wà lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀sà ni. Omi ọ̀sà yìí ló lọ títí dé Badagry, tó tibẹ̀ dé Èkó, òun sì ni ọ̀nà ọjà àwọn baba wa kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé. Òkun gan-an wà ní gúúsù, kò tó 20 kìlómítà. Wàá gba orí afárá sọdá ọ̀sà, wàá dé oríta Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti pín sí Kútọnú àti sí Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni wàá wá yà sísàlẹ̀ láàárín àwọn igi àgbọn.

Pé kí ẹ wọ̀ sọ́dọ̀ wa kì í ṣe èrò burúkú o. Màá padà sórí ẹ̀.

Ṣé gbogbo etíkun náà kọ́ ló rí bákan náà ni? Yanrìn ni, àgbọn ni, omi ni.

Nínú àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni. Etíkun Bẹ̀nẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 125 kìlómítà, láti ẹnubodè Nàìjíríà ní Kraké títí dé ẹnubodè Tógò ní Hillacondji, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ bí okùn tí a fà. Ohun tí àwọn èèyàn kì í rò nìyẹn. Ní erékùṣù bíi Zanzibar, àlejò lè yan ẹ̀gbẹ́: ní ìlà-oòrùn, omi máa ń fà sẹ́yìn lọ jìnnà réré lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní apá àríwá, kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹ̀gbẹ́ kankan láti yàn. Kò sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ̀ wọnú tí omi lè sá sí. Gbogbo etíkun wa ló kọjú sí gúúsù, ìgbì tí ìjì dá sílẹ̀ lókèèrè, ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, á sì rìn títí, á wá fọ́ sórí yanrìn wa láìsí ohun tó dá a dúró lọ́nà.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń yan ibi tí ẹ máa sùn, ẹ má wulẹ̀ máa wá ibi tí òkun ti rọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn yanrìn ni kí ẹ wò: ṣé ọ̀sà ni, ṣé ìlú ni, ṣé ọ̀nà ọkọ̀ ni?

Àwọn ọmọ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ṣé wọ́n lè wọ òkun?

Àbúrò mi, gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Rárá. Kí wọ́n fi omi rẹ ẹsẹ̀, kí o dì wọ́n lọ́wọ́ mú, ó parí síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wàá ní ẹ̀rù ni mò ń dá bà yín, torí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ìgbì ń da omi sókè sórí etíkun láìsinmi. Omi yẹn gbọ́dọ̀ padà. Kì í sì í padà káàkiri. Á wá ojú ibi tó jìn díẹ̀ láàárín àwọn òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi, ibẹ̀ ni á ti sáré já lọ sí agbami. Níwọ̀n ìgbà tí ibẹ̀ jìn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Ìfóófòó funfun á wà lọ́tùn-ún, á wà lósì, àárín á dákẹ́ rọ́rọ́. Àlejò á wò ó, á ní ibí yìí ló rọ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni á sì kó ọmọ wọ̀.

Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ogún ọdún, ọ̀rẹ́ mi kan wọ irú ibẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀. Nínú gbogbo wa, òun ló mọ omi í lú jù. Inú ọ̀sà ló ti kọ́ ọ láti kékeré. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti jìnnà sí wa, ó kọjú sí ilẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ló ń lọ. Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n lórí yanrìn ló rí i. Wọ́n sáré dé etí omi, wọ́n ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń pariwo pé kó má kọjú sí ilẹ̀ mọ́, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ó gbọ́. Ó jáde, ṣùgbọ́n ibi tó ti jáde jìnnà sí ibi tí aṣọ rẹ̀ wà, ní ìhà ìlà-oòrùn, torí ìhà ibẹ̀ ni omi etíkun wa sábà máa ń wọ́ nǹkan lọ. Àgbàlagbà kan nínú àwọn apẹja náà jókòó tì í, ó sọ fún wa pé: “Ibi tí òkun bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń mí sínú.” Láti ọjọ́ náà, mi ò lè rí ojú omi tó dákẹ́ létíkun kí ara mi má bù máṣọ.

Nítorí náà, kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kúrò ní Kétu: tí omi bá gbé èèyàn, kó má bá a jà. Kó jẹ́ kí ara léfòó, kó gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí i, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ títí omi á fi tú u sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kó wá yà sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí yanrìn kò gbọdọ̀ bẹ́ wọ inú omi tẹ̀lé e lọ́wọ́ òfo. Kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó ní ìdérí sí i, tàbí okùn, kó sì ké pe àwọn apẹja.

Òun ni mo ṣe ń sọ fún ẹ pé omi ni kí o kọ́kọ́ yàn, kí o tó yan ilé. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́, àfi kí ẹ wọ̀ sí ibi tó ní pisínì, ìyẹn adágún àtọwọ́dá tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ sùn sẹ́bàá ọ̀sà tàbí adágún, kí òkun jẹ́ ohun tí ẹ óò máa lọ wò.

Wọ́n dárúkọ Fidjrossè, Ouidah àti Grand-Popo fún mi. Èwo ni ká mú?

Fidjrossè wà nínú Kútọnú. Ilé oúnjẹ kún ibẹ̀, orin kì í dákẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, wà nígbàkigbà. Ó dára fún ọ̀dọ́ tí kò ní ọmọ lẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà Route des Pêches ti bẹ̀rẹ̀, tó gba etí òkun lọ sí ìhà Ouidah. Bí o ṣe ń jìnnà sí Kútọnú lọ́nà yẹn ni ariwo ń dínkù, tí oúnjẹ àti ọkọ̀ náà sì ń ṣọ̀wọ́n.

Ouidah ní tirẹ̀, ìtàn ni wàá bá lọ síbẹ̀. Ìlú fúnra rẹ̀ kò sí létí omi. Ọ̀nà tí wọ́n da àwọn ẹrú gbà ló lọ láti inú ìlú dé òkun, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní 1995. Mú àwọn ọmọ rìn ín ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Lọ́nà náà, ní Djègbadji, àwọn obìnrin ń se iyọ̀ láti inú ilẹ̀ ọ̀sà, èyí sì lè wu ìwọ tí o jẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n kíyè sí ọjọ́: nǹkan bí 10 oṣù Kìíní ni ọdún Vodun máa ń bọ́ sí, èrò láti gbogbo ayé ló ń wá, yàrá kì í sí, èyí tó bá sì wà á gbówó lórí. Tí ìsinmi yín bá sún mọ́ ọjọ́ yẹn tí kì í ṣe ọdún náà lẹ bá lọ, ẹ má wọ̀ síbẹ̀.

Grand-Popo ni ọkàn mi fẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jìnnà, ó sún mọ́ Tógò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti há láàárín omi méjì, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi á gbé yín gba inú ọ̀sà lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, láàárín àwọn igi tó ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀. Béèrè ẹ̀wù ìléfòó fún gbogbo yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Bí kò bá sí, ẹ má wọ̀ ọ́. Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sórí yanrìn níbẹ̀ lóru. Tí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró jìnnà, torí iná lè mú kó padà láìyé.

Ibìkan tún wà tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹ: Possotomè, lẹ́bàá adágún Ahémé, níbi tí wọ́n ti ń rọ omi inú ìgò tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ níbẹ̀. Ojú adágún tutù pẹ̀sẹ̀, òkun ò sì jìnnà láti fi ọjọ́ kan lọ wò. Kí àwọn ọmọ má ṣáà wẹ̀ níbi tí koríko ti hù sínú omi tó dúró, nítorí àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ibi tó dára.

Mo rí ilé kan ní ìlà-oòrùn Kútọnú, ó sún mọ́ omi gan-an, owó rẹ̀ ò sì pọ̀.

Ó lè jẹ́ pé omi ló sún mọ́ ilé. Yanrìn etíkun wa ń rìn, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọnú, tí wọ́n ṣí i ní 1965, òkúta tí wọ́n tò sínú òkun dá yanrìn náà dúró. Etíkun fẹ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn èbúté. Ní ìhà Akpakpa, ní ìlà-oòrùn rẹ̀, òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Wọ́n ti kó òkúta dí i níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n òkun tí wọ́n dí níbì kan máa ń bá ẹ̀gbẹ́ kejì wí. Grand-Popo náà ò bọ́: òkun ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú tí àwọn Faransé kọ́ síbẹ̀, ìsédò Nangbéto tí wọ́n ṣe sórí odò Mono ní 1987 sì ń dá yanrìn dúró lókè odò. Níbikíbi, ẹ wá ilé tí igi àgbọn dúró sí láàárín òun àti omi. Tí ẹ bá rí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ síta, ẹ má sùn síbẹ̀.

Ṣé oṣù Kejìlá dáa, àbí ká dúró de ìsinmi oṣù Kẹjọ?

Oṣù Kejìlá. Òjò kékeré ti lọ, ìgbì kò sì ga tó ti oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án. Ọyẹ́ lè mú lóru, torí náà ẹ gbé aṣọ òtútù Ìyá dání. Nítorí pé etíkun wa kọjú sí gúúsù, nígbà yẹn oòrùn á là lórí omi lọ́wọ́ òsì yín, á sì wọ̀ lórí omi lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ jí àwọn ọmọ fún un.

Kí ni kí n bi onílé kí n tó fowó sílẹ̀?

Má bi í pé “Ṣé ojú òkun ni?” Ohun tí mo bi ẹnì kan nìyẹn lọ́dún kan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán òkun sì wà lóòótọ́. Nígbà tí a débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ ọwọ́, ọ̀sà ló wà láàárín ilé àti òkun, ọlọ́kọ̀ tó yẹ kó gbé wa sọdá ti lọ sílé. Owó ti wọlé, ilẹ̀ ti ṣú. Ó dùn mí títí di òní.

Bi í pé: “Láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé etí omi, kí ni màá kọjá?” Bi í pé omi ìwẹ̀ ńkọ́, torí kànga tó sún mọ́ òkun máa ń níyọ̀. Bi í bóyá àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn. Ẹ̀bá ọ̀sà ni ẹ̀fọn pọ̀ sí. Kí fèrèsé yàrá kọjú sí òkun, láti ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wá. Kí o sì béèrè ibi tí ọjà wà, torí owó oúnjẹ inú hòtẹ́ẹ̀lì fún ẹni mẹ́fà lè ju ti yàrá lọ.

Ìyá wa ńkọ́? Orúnkún ń dùn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wọn ló yẹ kó ṣíwájú. Etíkun wa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, yanrìn rẹ̀ jìn lẹ́sẹ̀. Ìyá ò lè gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lè jókòó sínú ọkọ̀ láti Kétu dé Grand-Popo lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ tó máa ń wà láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnú.

Bó ṣe yẹ kó rí lójú mi nìyí: ẹ sùn sọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì, a ó jọ lọ sí Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń fa àwọ̀n, kí àwọn ọmọ bá wọn fà á, kí a ra ẹja tútù wálé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tẹ̀ síwájú sí Possotomè fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ wo Grand-Popo.

Ó ní òun á kọ́kọ́ bi Ìyá. Lánàá ló pè mí padà. Ìyá ní àwọn ò fẹ́ fọwọ́ kan òkun, kí àwọn ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti orí àga. Mo ti ra àga onípátákó kan tó ní apá, tí kò ní rì sínú yanrìn, mo sì ti tọ́jú yàrá ìsàlẹ̀ dè wọ́n.