Iṣẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ àti àdáṣe ní iléeṣẹ́

Iṣẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ ni ti ẹni tó ń bójú tó bí iṣẹ́ ṣe ń kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, láti ìgbà tí oníbàárà bá ti béèrè nǹkan títí owó nǹkan náà yóò fi wọlé. Àdáṣe ni kí a gbé apá kan nínú ìrìn iṣẹ́ yẹn lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí ó máa dá a ṣe. Tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni àwọn tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń wá ẹni tó lè ṣe méjèèjì. Orúkọ ipò náà kò dúró sójú kan: ibì kan á pè é ní operations analyst, ibòmíràn á pè é ní process manager tàbí automation developer. Ohun tí ìkéde iṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ yóò máa ṣe ló yẹ kí a kà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1911, Frederick Winslow Taylor, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe lè fi aago wọn iṣẹ́ kí a sì tún un tò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lórí ìlà tó ń rìn ní Highland Park ní ìpínlẹ̀ Michigan, iṣẹ́ tó ń gbà ju wákàtí 12 lọ sì wá di nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Ní 1921, Frank Gilbreth àti ìyàwó rẹ̀ Lillian gbé àwòrán ìrìn iṣẹ́ kalẹ̀ níwájú àwọn ẹnjiníà ẹgbẹ́ wọn. Àwòrán irú èyí ṣì wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá wọ iṣẹ́ yìí ń kọ́. Àkójọ àmì tí wọ́n ń pè ní BPMN ni ọ̀pọ̀ fi ń yà á báyìí. 2011 ni OMG, àjọ tó ń gbé ìlànà ètò kọ̀ǹpútà kalẹ̀, gbé ẹ̀dà kejì rẹ̀ jáde. Kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì láti 1951, nígbà tí iléeṣẹ́ J. Lyons ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì, fi ẹ̀rọ LEO tó kọ́ fúnra rẹ̀ ṣírò owó ohun tí ilé búrẹ́dì rẹ̀ ń ṣe.

Ní Jàpáánù, Taiichi Ohno ti iléeṣẹ́ Toyota pín ìfiṣòfò sí oríṣi 7. Nínú wọn, ìdúró ló ń jẹ ọ́fíìsì lára jù. Fọ́ọ̀mù tí kíkà rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lè lo ọjọ́ mẹ́ta lórí tábìlì ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Bí a bá fi kọ̀ǹpútà mú kíkà rẹ̀ yá, ọjọ́ mẹ́ta náà ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí Ford rí lọ́dọ̀ Mazda

Àpẹẹrẹ tí àwọn oníṣẹ́ yìí kì í gbàgbé ni èyí tí Michael Hammer kọ sínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review ní 1990. Ẹ̀ka tó ń sanwó fún àwọn olùtajà ní Ford ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 500. Èrò àwọn ọ̀gá ni láti ra kọ̀ǹpútà tuntun, kí iye náà fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dín kù. Ìgbà tí wọ́n wo Mazda ni wọ́n rí i pé èèyàn 5 ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Mazda kéré sí Ford lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kéré tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú iṣẹ́ náà palẹ̀, wọ́n rí ibi tí àkókò ń bá lọ. Ìwé mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu kí owó tó jáde: ìwé tí wọ́n fi béèrè ọjà, ìwé tí ilé ìkẹ́rù kọ nígbà tí ọjà dé, àti ìwé owó tí olùtajà fi ránṣẹ́. Nǹkan 14 ni wọ́n ń fi wéra nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò òṣìṣẹ́ ló ń lọ sórí àwọn tí kò bára mu. Ford kò wá ẹ̀rọ tó máa yára wé ìwé mẹ́ta wọ̀nyí. Ó yọ ìwé owó olùtajà kúrò pátápátá. Bí ọjà bá dé, akọ̀wé yóò wo kọ̀ǹpútà bóyá wọ́n béèrè fún un. Bí ó bá bára mu, ó gbà á, owó á sì jáde nígbà tó bá yẹ. Bí kò bá bára mu, ọjà padà síbi tó ti wá. Nǹkan 14 di 3, iye òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà sì fi ìdá 75 nínú 100 dín kù.

Irinṣẹ́

Ọ̀nà méjì ni àdáṣe ọ́fíìsì sábà máa ń gbà. Ti àkọ́kọ́ ni rọ́bọ́ọ̀tì orí kọ̀ǹpútà, irú ti UiPath àti Blue Prism, tó ń tẹ bọ́tìnì tó sì ń da ọ̀rọ̀ kọ bí èèyàn ṣe ń ṣe. Ó wúlò níbi tí ètò kọ̀ǹpútà bá ti gbó tí kò ní ẹnu ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí bọ́tìnì kan nípò, rọ́bọ́ọ̀tì náà lè dúró. Ti èkejì ń gba API kọjá, níbi tí ètò kan ti ń bá òmíràn sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ibẹ̀ ni Zapier, Make, n8n àti Power Automate wà. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní 2022, ẹ̀rọ ti ń ka lẹ́tà àti ímeèlì tí kò ní ìlànà kan pàtó, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ lè má jọra lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí owó bá ti wọ̀ ọ́.

Wíwọ inú iṣẹ́ náà

Ọ̀pọ̀ kò wá láti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìṣirò owó, ìtọ́jú oníbàárà tàbí ìkẹ́rù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí ń tán wọn ní sùúrù ni wọ́n sì kọ́kọ́ túnṣe. Excel àti SQL, èdè tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àkójọ dátà, wúlò púpọ̀. Sátífíkéètì bíi CBAP, tí IIBA, àjọ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iléeṣẹ́, ń fúnni, ń ṣèrànwọ́. Bẹ́líìtì Lean Six Sigma, ìyẹn àwọn ìpele sátífíkéètì lórí bí a ṣe ń dín ìfiṣòfò àti àṣìṣe kù, náà wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjọ kan ṣoṣo ló ń fúnni, nítorí náà wọn kò wúwo bákan náà. Ohun tó ń ṣí ilẹ̀kùn jù ni àkọsílẹ̀ iṣẹ́ gidi: iye àkókò tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀, iye tó ń gbà báyìí, àti àṣìṣe tó ṣẹ́ kù.

Ọgbọ́n tí ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni ni títẹ́tí sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́. Òun ló mọ ìdí tí oníbàárà kan kì í fi gba ọ̀nà tí àwọn yòókù ń gbà. Bí ó bá sì fura pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, kò ní sọ ọ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a sọ òótọ́ fún òṣìṣẹ́ nípa ohun tí àdáṣe máa yí padà, kí a tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Bíbójú tó ohun tó ń dá ṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ògọ́sì 2012, Knight Capital, iléeṣẹ́ tó ń ra tó sì ń ta ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, pàdánù ohun tó lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Sáfà 8, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́, ló yẹ kí wọ́n gbé ètò tuntun sí, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan nínú wọn tí wọn kò gbé e sí, ètò àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀ sì jí. Kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ náà ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ nípa àṣìṣe kan. Wọn kò ṣètò irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, kò sì sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí.