Wáràǹtì parí, ọ̀rọ̀ kò tíì parí

Bí kọ̀ǹpútà bá kú ní oṣù kan péré lẹ́yìn tí wáràǹtì rẹ̀ tán, ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é àti ẹni tó tà á ti mọ́, àpò oníbàárà nìkan ló kù. Àwọn tó dúró lẹ́yìn káńtà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: "Ẹ má bínú sà, wáràǹtì yín ti parí." Wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á sì pe ẹni tó kàn.

Ìgbàgbọ́ òdì ni. Ìlérí tí ilé-iṣẹ́ fẹnu ara rẹ̀ ṣe ni wáràǹtì, òun náà ló mú iye oṣù tó wù ú. Ojúṣe tí òfin gbé lé ọlọ́jà lọ́rùn wà lọ́tọ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń bójú tó, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó sì lálòpẹ́ fún àsìkò tó bọ́gbọ́n mu. Ní England, òfin ti 2015 jẹ́ kí ẹni tó ra ọjà lè pe ẹni tó tà á lẹ́jọ́ títí di ọdún 6. Ní Scotland, ọdún 5 ni. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọjà gbọ́dọ̀ lo ọdún 6 o. Lẹ́yìn oṣù 6 àkọ́kọ́, oníbàárà ló máa fi hàn pé àbùkù náà ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 2003 sí 2005, àwọn kapasítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná) orí motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ so mọ́, nínú kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex kan ń wú, wọ́n ń jò. Ní 2005, Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe wọn. Ti Apple tún yani lẹ́nu jù. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà MacBook Pro 2011 kan ń dàrú, á sì kú pátápátá, nítorí pé chip tó ń gbé àwòrán jáde lábùkù. Wáràǹtì ọdún kan ti tán lórí ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ènìyàn sì ń fi owó ara wọn pààrọ̀ motherboard. Ní 2014, àwọn oníbàárà gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di oṣù kejì 2015, Apple kéde pé òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun yóò sì dá owó padà fún àwọn tó ti sanwó tẹ́lẹ̀. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù tó ń há, fún ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n rà á.

Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, á wò ó bóyá irú ètò báyìí wà fún un, kó tó dárúkọ owó. Á sọ iye tí àyẹ̀wò máa jẹ kó tó tú ẹ̀rọ. Á béèrè bóyá ẹ ti ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín. Bó bá pààrọ̀ nǹkan, á kó èyí tó bàjẹ́ lé yín lọ́wọ́. Ní tèmi, ìyẹn níye lórí ju ẹ̀rín lọ.

Bí tíì bá dà sí i, tàbí iná NEPA bá ru wọlé jó o, ẹ̀yin lẹ máa fara gbá a. Tòkunbọ̀ náà ní ti ẹ̀: ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ sọ pé tòkunbọ̀ ni, ẹ má sì retí pé kó lálòpẹ́ bíi tuntun.

Àmọ́ bí àbùkù bá jọ ti ilé-iṣẹ́, ẹ mú rìsíìtì dání. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, iye tí ẹ san, ohun tó ń ṣe, àti ohun tí ẹ fẹ́: àtúnṣe, ìpààrọ̀ tàbí owó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni FCCPC máa fẹ́ rí.