Bí Wọ́n Ṣe Dá Fíìmù Amí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ti Sọ̀rọ̀ Sílẹ̀

Oṣù kẹwàá ọdún 1952 ni ilé-iṣẹ́ United Artists gbé The Thief jáde ní Amẹ́ríkà. Fíìmù amí ni, ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 85. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀ nínú rẹ̀, tẹlifóònù ń dún, mọ́tò ń fọn fèrè, bàtà ń ró kò-kò-kò lórí àtẹ̀gùn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ray Milland ló ṣe Allan Fields, onísáyẹ́ǹsì tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí agbára átọ́míìkì ní Washington, tó sì ń jí àṣírí ibẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè.

Àwọn kan máa ń kà á mọ́ sinimá ayé àtijọ́, ìyẹn èyí tó wà kí The Jazz Singer tó mú ohùn wọlé ní 1927. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú sinimá àtijọ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní: òṣèré á máa mi ẹnu, wọ́n á sì tẹ ohun tó ń sọ sójú àwòrán kí òǹwòran kà á. Bí ìtàn bá takókó, wọ́n á fi ìlà ọ̀rọ̀ méjì tú u. Àwọn tó ṣe The Thief kò fi irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ara wọn. Ohùn wà, orin wà, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n yọ.

Russell Rouse àti Clarence Greene ló dá a sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló kọ ọ́, Rouse darí rẹ̀, Greene sì bójú tó owó àti ètò. Kí wọ́n tó ṣe é ni wọ́n ti kọ D.O.A., níbi tí ọkùnrin kan tí wọ́n fún ní májèlé jẹ ti lọ bá ọlọ́pàá pé òun wá fi ẹjọ́ ikú ara òun sùn, tó sì rojọ́ náà láti orí dé ìdí. Irú ìrojọ́ bẹ́ẹ̀ ni òpó tó gbé ọ̀pọ̀ fíìmù tí à ń pè ní film noir, ìyẹn fíìmù ìwà ọ̀daràn tó kún fún òkùnkùn, ró, torí ohùn akọni ló sábà máa ń mú wa gba inú òkùnkùn kọjá. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó òpó yìí. (Àwọn méjì yìí kan náà ló wà lára àwọn tó gba Oscar fún ìtàn Pillow Talk ti 1959, níbi tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó jọ ń lo wáyà tẹlifóònù kan ṣoṣo kò ti yéé bá ara wọn fa ọ̀rọ̀.)

Ìgbà náà gbè wọ́n. Ní 1950, Klaus Fuchs jẹ́wọ́ ní Ìlú Ọba pé òun ti kó àṣírí bọ́ǹbù átọ́míìkì fún Sófíẹ́ẹ̀tì. Ní 1951, ilé ẹjọ́ ní New York dá ẹjọ́ ikú fún Julius àti Ethel Rosenberg lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ṣe amí fún Sófíẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn ti mọ ìdajì ìtàn náà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe gan-an ni pé iṣẹ́ amí kò fẹ́ ariwo. Àwọn méjì tó jọ ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ dúró sọ̀rọ̀ níta. Nítorí náà, tẹlifóònù á dún lóru, Fields kò ní gbé e, iye ìgbà tó dún ti tó fún un. Á jáde. Bleek, ẹni tó ń rán an níṣẹ́, tí Martin Gabel ṣe, á ju páálí sìgá tó ti rún mọ́ ọwọ́ sílẹ̀, Fields á sì ṣà á. Àrokò ni: ohun tí wọ́n fi rán an wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fi kámẹ́rà kékeré ya ìwé àṣírí. Irú èyí tí àwọn amí fẹ́ràn nígbà náà ni Minox, tí Walter Zapp ṣe, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní Riga, ní Latvia, ní 1938. Àwòrán kọ̀ọ̀kan lórí fíìmù rẹ̀ kò ju mílímítà 8 ní ìbú àti 11 ní gígùn lọ. Wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn wọn bí ó ṣe jìnnà sí ìwé, ó sì lè sún mọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá dẹ̀ tàbí ọwọ́ bá gbọ̀n, lẹ́tà inú ìwé á ṣú pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í ráyè sọ̀rọ̀, òǹwòran náà kò sì ní í retí rẹ̀.

Bí àṣírí ṣe tú pàápàá kò gba àlàyé. Mọ́tò pa ẹni tó ń gbé fíìmù tí Fields fi ya àṣírí náà lọ bó ṣe ń kọjá títì ní New York, wọ́n sì bá a lọ́wọ́ òkú. Láti ibẹ̀ ni FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí tọpa.

Sam Leavitt ya púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ojú títì Washington àti New York fúnra wọn. Àǹfààní kan nìyí: níbi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, kò sídìí láti gbé máíkì sún mọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni láàárín èrò. Orin Herschel Burke Gilbert ló wá ru ẹrù tó kù, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó díje fún Oscar. Lójú tiwa, orin náà pọ̀ jù. Ó máa ń pariwo ẹ̀rù kí ojú Milland tó fi í hàn. Ìgbà tó bá sinmi, tí tẹlifóònù nìkan ń dún, ni ara wa ń bù máṣọ.

Ibi tí ọgbọ́n náà ti já ni ibi tí ènìyàn ní ìdí láti sọ̀rọ̀. Rouse mọ èyí, ó sì máa ń fi Fields sí òun nìkan, tàbí kó gbé e lọ sí ilé ìkàwé ìjọba ní Washington, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń pa ẹnu mọ́. Àmọ́ nígbà tó sá pamọ́ sí yàrá olówó pọ́ọ́kú ní New York, obìnrin kan wà ní yàrá tó dojú kọ tirẹ̀. Rita Gam ló ṣe é, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni. Wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wo ara wọn, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì. Yorùbá tó bá ń wò ó á ti bá wọn kíra láti orí àga rẹ̀. Ibí yìí ni a ti ń rí ọwọ́ òǹkọ̀wé tó di àwọn òṣèré lẹ́nu.

Orí Empire State Building, ilé gogoro ní New York, ni ìlépa ìkẹyìn ti wáyé, láti ibi tí àlejò ti ń wo ìlú ní àjà 86, tó fi dé orí àkàbà tóóró lókè, níbi tí ọlọ́pàá FBI tó ń lé Fields ti já bọ́ tó sì kú. Apá yìí ì bá rí bẹ́ẹ̀ náà ká ní wọ́n gbà wọ́n láyè láti sọ̀rọ̀.