Kí ló ya "hardness" sọ́tọ̀ kúrò lára "hardship"?

Ìbéèrè: Láti inú "hard" ni "hardness" àti "hardship" ti jáde, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ni méjèèjì. Kí ló dé tí n kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì?

Ìdáhùn: Ìparí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò. Àfòmọ́ tó wà níbẹ̀, ìyẹn ègé tí a so mọ́ ọ̀rọ̀, ló ń darí ìtumọ̀. "-ness" kàn ń sọ bí nǹkan ṣe rí: òkúta le, líle rẹ̀ ni "hardness". "-ship" ń sọ ipò tí èèyàn wà, bíi "friendship" àti "leadership". Òkúta kì í rí "hardship" láéláé. Ẹni tí ayé le mọ́ ló ń rí i.

Ìbéèrè: Ṣé "-ness" àti "-ity" kì í ṣe ọ̀kan náà?

Ìdáhùn: Wọ́n jọra, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ọmọ bíbí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni "-ness". Látìnì ló ni "-ity". Ó gba inú Faransé kọjá, ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wọlé lẹ́yìn tí àwọn Norman, ará àríwá ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Àwọn àlejò yìí sábà máa ń gbé ẹrù tiwọn dání. Ẹ wo "human". "Humanness" ni jíjẹ́ èèyàn, ó parí síbẹ̀. "Humanity" lè jẹ́ gbogbo ọmọ aráyé, ó sì tún lè jẹ́ ojú àánú. Bí wọ́n bá ní ọ̀gágun kan fi "humanity" bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n lò, àánú ló ṣe wọ́n. Ẹ fi "humanness" síbẹ̀, gbólóhùn náà dàrú.

"Enormity" náà gba ìṣọ́ra. Ìwà ibi tó burú jáì ló ń tọ́ka sí lójú àwọn òǹkàwé tó le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í sọ títóbi lásán. Èmi kò ní fi yin iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: "Commitment", "commission" àti "committal" ńkọ́?

Ìdáhùn: Gbogbo wọn bá "commit" tan. Ìfarajìn ni "commitment". "Commission" lè jẹ́ ìgbìmọ̀, owó tí alágbàtà ń gbà, tàbí dídá ẹ̀ṣẹ̀. "Committal" ni fífi èèyàn ránṣẹ́ sẹ́wọ̀n, tàbí gbígbé òkú sínú ilẹ̀. Kò sí òfin tó lè sọ èyí fún yín ṣáájú. Inú gbólóhùn lẹ ó ti kọ́ ọ.

Ìbéèrè: Ṣé Yorùbá náà ní irú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ní, iwájú ọ̀rọ̀ ni tiwa máa ń wà. Láti inú "rìn" la ti rí "rírìn" àti "ìrìn". À ń fi ìrìn dá èèyàn mọ̀ lókèèrè. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun fi rírìn dá a mọ̀.