Tíṣà Wá, Tíṣà Lọ: Ibi tí Pàṣípààrọ̀ Olùkọ́ ti Ṣẹ̀ Wá ní Ìbàdàn

Àlejò ló ṣí ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ọdún 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS rán níṣẹ́ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ wá wo ìlú náà. Nígbà tó fi máa di 1853, ó ti mú Anna ìyàwó rẹ̀ dání, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Ìlú ogun ni Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n máa ń kì í pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, ọ̀rọ̀ tọkọtaya yìí sì bá oríkì náà mu, torí àwọn jagunjagun tí kò mọ̀wé kan àyàfi ogun ló fún wọn nílẹ̀, àwọn náà ló tún fún wọn lọ́mọ.

Ti ọmọ yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Ilé kò ṣòroó kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣòroó rí. Ta ni yóò mú ọmọ rẹ̀ fún òyìnbó tí a kò mọ baba rẹ̀, kí ọmọ máa jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, nígbà tí oko ń pè é? Olóyè Olúnlọ́yọ̀ ni orúkọ rẹ̀ kù nínú ìtàn pé ó gbà. Ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, ló fà lé Anna lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Kúdẹtì kọjá lónìí tó rí Yéjídé Girls' Grammar School, ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ìwé náà.

Anna kò gbọ́ Yorùbá nígbà tó dé. Bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní A, B, D ni àwọn náà ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe iṣu àti bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń jẹ́ Daniel Olúbi, ọmọ Abẹ́òkúta, òun ló ń túmọ̀, òun ló ń kọ́ni, òun ló ń bá aráàlú sọ̀rọ̀. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìgbà tí pàṣípààrọ̀ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, n kò ní mú un láti ọdún tí ìjọba kan bá ìjọba kejì tọwọ́ bọ̀wé. Kúdẹtì ni màá mú un lọ, níbi tí tíṣà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́.

Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ti Ìjẹ̀bú sì dí pa. Owó tó ń ti Èkó wá kò dé mọ́. Ilé kún fọ́mọ, kò sí owó ẹyọ. Anna wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé rẹ̀, títí dé orí agolo bísíkíìtì tó ti ṣófo, torí àwọn obìnrin Ìbàdàn fẹ́ràn agolo, wọ́n sì ń fowó gidi rà á. Agolo wọ̀nyẹn ló ra iṣu tí àwọn ọmọ ilé-ìwé jẹ. Ní 1865 ni gómìnà Èkó rán àwọn ènìyàn gba inú igbó wá gbé e lọ, torí àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó tún padà wá. Nígbà tó di 1869, tọkọtaya náà lọ pátápátá, Anna sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Olúbi ló dúró ti ìjọ àti ilé-ìwé, títí tó fi di arúgbó. Lójú tèmi, èyí ni òṣùwọ̀n tó yẹ ká fi wọn gbogbo tíṣà tó wá láti òkè òkun lẹ́yìn náà: nígbà tó lọ, ta ló fi sílẹ̀?

Láti ìgbà yẹn títí di nǹkan bí ọdún 1950, n kò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò. Wesley College dé ní 1905. Ibadan Grammar School dé ní 1913, tí A. B. Akínyẹlé, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Government College dé ní 1929. Òyìnbó ń wá kọ́ni, àwọn ọmọ wa ń lọ kàwé. Kò sẹ́ni tó rò ó rárá pé tíṣà Ìbàdàn lè lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ dúró níwájú kíláàsì.

Ohun tó da gbogbo ètò rú, tó sì tún un ṣe, ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú S. O. Awókọ́yà gẹ́gẹ́ bí mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní 1955, wọ́n ti di 811,432. Ẹ fojú inú wò ó ná. Wọ́n lè fi pákó ṣe bẹ́ǹṣì láàárín oṣù kan, wọ́n lè fi páánù bo òrùlé, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti máa rí tíṣà? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìwé mẹ́fà ni wọ́n ń kó síwájú ọmọ kéékèèké. Àwọn ọmọ yìí náà sì ń dàgbà bọ̀ wá wọ ilé-ìwé girama.

Ní 1959 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Sir Eric Ashby láti wo ohun tí Nàìjíríà máa nílò. Kenneth Dike, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Ìbàdàn, wà lára wọn. Ìròyìn wọn jáde ní oṣù kẹsàn-án 1960, oṣù kan péré ṣáájú òmìnira, ó sì fi hàn gbangba pé tíṣà tó gboyè jáde kò tó, pé a ó ní láti wá wọn lọ sókè òkun fún ìgbà díẹ̀. Ayé náà sì ti ń múra. Ní 1958, Alec Dickson, òyìnbó tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ lábẹ́ ìjọba Nàìjíríà rí, dá VSO sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ tó ń rán àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ní 1961, àwọn mìíràn ní irú rẹ̀: Kánádà ní CUSO, Amẹ́ríkà ní Peace Corps.

Ìbàdàn ni Peace Corps ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. Ní oṣù kẹwàá 1961, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n rán sí Nàìjíríà, tí wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ ní Harvard, wà ní University College Ìbàdàn tí wọ́n ń parí ìmúra wọn. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn kọ pósíkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó kọ nípa ìdọ̀tí ìlú. Ó ní ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, kódà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n wọ ilé lọ ṣe. Káàdì náà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i he. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ti pín in kiri yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣèpàdé, wọ́n bínú, wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo àwọn àlejò náà padà sílé. Nínú yàrá ìjẹun, tí Amẹ́ríkà kan bá jókòó, àwọn tó wà nítòsí á dìde. Nàìjíríà kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ, ẹ̀yin náà mọ bí ara ọmọ ọdún kan ṣe máa ń gbóná. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì kúrò nílùú. Ààrẹ Kennedy fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i láti fi tù ú nínú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yòókù kò lọ. Wọ́n fara da á, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.

Ká sòótọ́, ẹni tó bá mọ Ìbàdàn ayé ìgbà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ló kọ. Ẹ̀yìn wa tó ti sọ ọ́ ló dunni. Àlejò tó bá rí ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé, onílé ló yẹ kó wí fún. Mo rò pé àǹfààní wà nínú ìjà yẹn ṣá o. Kò sí ìgbà kan ṣáájú rẹ̀ tí àwọn tí wọ́n wá ràn lọ́wọ́ la ẹnu sọ fún àwọn olùrànlọ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọn náà ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, Peace Corps kún Nàìjíríà, wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti Gẹ̀ẹ́sì, ní ilé-ìwé girama jù lọ. Inú abà kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 dín wọn kù, wọ́n sì kúrò ní 1971.

Èyí tó dé inú abà, ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Ní 1962 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Kánádà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Project Overseas, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ló ń bá ẹgbẹ́ olùkọ́ ṣe é. Nígbà ìsinmi gígùn, tí ọmọ kò sí ní kíláàsì, tíṣà láti Kánádà á wá bá àwọn tíṣà ibí jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á jọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níwèé kíkà, bí wọ́n ṣe ń fi ohun tó wà nílé ṣe irinṣẹ́ ẹ̀kọ́. Tí ìsinmi bá parí, onílé á padà sí abúlé rẹ̀, àlejò á padà sí Kánádà. Kò sí kíláàsì tó ṣófo nítorí àlejò lọ. Ọ̀nà Olúbi nìyẹn, bí mo ti rí i. NUT tiwa, tó ti wà láti 1931 lábẹ́ I. O. Ransome-Kuti, kò níí gbà kí ẹnikẹ́ni kàn wá máa kọ́ wọn bí ọmọdé, torí ẹgbẹ́ tó ti bá ìjọba amúnisìn fà á ni.

Àwọn tíṣà tó kọ́ èmi kì í ṣe òyìnbó. Ní 1979 ni ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé-ìwé hù bí olú. Àwọn òbí abúlé wa lẹ́yìn odi Ìbàdàn dáwó, wọ́n gún búlọ́ọ̀kù, àwa ọmọ fi orí ru iyanrìn láti odò. Tíṣà tí wọ́n rán wá fún ìṣirò, ọmọ Gánà ni. Kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ jókòó” lọ, ó sì ń pè é bí ẹni tó ń bínú. Ìwé four-figure table kan ṣoṣo ló wà nínú kíláàsì, tirẹ̀ ni. Ó tú u ní ewé-ewé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí, ó sì ń pín in láti orí bẹ́ǹṣì kan sí èkejì. Tí bẹ́ǹṣì wa bá ń ṣe log, bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ń ṣe sine. Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí ni wọ́n á pààrọ̀. Títí dòní, tí mo bá rí páálí tó ti dọ̀tí létí, ojú mi á lọ síbi nọ́ńbà.

Ní oṣù kìíní 1983 ni ìjọba Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ sílé. Kì í ṣe gbogbo tíṣà ni àṣẹ náà bá wí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró sílùú tí wọ́n ti ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ pe báàgì? Tíṣà wa lọ. Ó fi páálí sílẹ̀.

Ọdún 1987 ni Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán tíṣà jáde. Bọ́lájí Akínyẹmí, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè nígbà náà, ló gbé èrò Technical Aid Corps kalẹ̀: kí olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà ilẹ̀ yìí máa lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì-méjì ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karíbíánì àti Pàsífíìkì tó bá béèrè, kí Nàìjíríà sì máa fún wọn lówó ìtọ́jú. Gáńbíà gbà wọ́n, Jàmáíkà gbà wọ́n. Àwọn tó ń fi Nàìjíríà ṣe yẹ̀yẹ́ kì í sábà rántí èyí. Ohun tí VSO ṣe fún wa, a ṣe é fún ẹlòmíràn, lásìkò tí ètò ọrọ̀-ajé SAP gan-an ń han àwa náà léèmọ̀.

Èyí tó wá gbòde lẹ́yìn ọdún 2000 ni ti ilé-ìwé méjì tó so pọ̀. British Council ló ń ṣètò rẹ̀ jù nígbà náà, lábẹ́ orúkọ bíi Connecting Classrooms. Ilé-ìwé kan níbí, ọ̀kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì: tíṣà tibí á lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún, tọ̀hún á wá síbí, wọ́n á fẹnu kò lórí ohun kan tí kíláàsì méjèèjì á jọ ṣe, bóyá lórí omi tàbí lórí oúnjẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ètò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ló ń rí fọ́ọ̀mù, nítorí náà ilé-ìwé tó ti rí ṣe láàárín ìlú ló ń wọlé ju ti abúlé ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Ìdó lọ. Físà sì ni èkejì. Tíṣà tọ̀hún náà á gba físà kó tó wọ bàálù wá, ṣùgbọ́n tiwa á máa kó ìwé báńkì kiri bí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, gbogbo rẹ̀ di ti orí fóònù.

Láti oṣù kejì 2023, ìjọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti gbà kí olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ní Nàìjíríà bèèrè fún ìwé àṣẹ ìkọ́ni tiwọn tààrà, bó bá jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Gánà náà wà nínú rẹ̀, àti Íńdíà, àti Jàmáíkà. Àwọn ọmọ tiwọn kò rí tíṣà ìṣirò tó mọ́. Àwọn tíṣà wa ń lọ, wọ́n sì ń kọ́ni dáadáa níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀hún tó máa gba ipò wọn, kò sì sí àdéhùn kankan tó ní kí ẹnì kan wá. Ní ilé-ìwé tí wọ́n ti kúrò, ọ̀gá á kó kíláàsì méjì pọ̀, á sì ní kí tíṣà àgíríkọ́ṣọ̀ máa fi ìṣirò kún un.